Ooru Yàtọ̀ sí Ọ̀gbẹlẹ̀: Kòkó ní Àyíká Brobo àti Gbèsè Àwọn Onímọ̀ Èdè

Ìfáàrà

Èrò kan wà tí ó ti fìdí múlẹ̀ lọ́kàn ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sọ̀rọ̀ nípa kòkó ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Èrò náà ni pé òjò ni ohun gbogbo. Bí òjò bá rọ̀, kòkó yóò so. Bí òjò bá kọ̀, kòkó yóò kú. Ohun yòówù tí ó bá kù, àfikún lásán ni. Nínú èrò yìí, ooru kò ní ipò tirẹ̀. Ẹ̀yìn ọ̀gbẹlẹ̀ ni wọ́n máa ń tò ó sí, bí ẹni pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì.

Àpilẹ̀kọ yìí tako èrò náà. Ooru jẹ́ agbára ọ̀tọ̀ tí ń ṣe iṣẹ́ ọ̀tọ̀ lára igi kòkó. Àyíká Brobo, lẹ́bàá Bouaké ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, wà lára ibi tí a ti lè rí èyí kedere. Bí àgbẹ̀ kò bá sì tíì gbọ́ àlàyé yìí ní èdè tí ó ń sọ, ẹ̀bi àwọn ọ̀mọ̀wé ni, kì í ṣe ti àgbẹ̀. Nítorí náà, kí olùkọ́ èdè má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn nìkan nìyí. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ ọ̀tá rẹ̀, ọ̀tá ẹlòmíràn ni yóò máa bá jà.

Brobo, létí ilẹ̀ kòkó

Brobo wà ní ìlà-oòrùn Bouaké, ní agbègbè Gbêkê, ní ilẹ̀ àwọn Baoulé. Ẹni tí ó bá wo àwòrán ilẹ̀ Côte d'Ivoire yóò rí i pé ilẹ̀ ọ̀dàn láti ìhà àríwá ya wọ inú igbó ìhà gúúsù bí lẹ́tà V. "V Baoulé" ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè é. Inú ilẹ̀ ọ̀dàn yìí ni Brobo wà. Iṣu ni baba oúnjẹ níbẹ̀, kajú sì ti di igi owó ní agbègbè náà. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, igbó etí odò àti ilẹ̀ kòtò tí ó lọ́rinrin ni kòkó ti lè rí ibi forí pamọ́ sí.

Bí a bá fi ohun tí kòkó ń fẹ́ wé ohun tí ilẹ̀ náà ní, ọ̀rọ̀ yóò yé wa. Ìwọ̀n tí àjọ kòkó àgbáyé, ICCO, gbé kalẹ̀ ni pé kí òjò ọdún kan wà láàárín 1,500 sí 2,000 mìlímítà, kí ooru ọ̀sán wà ní nǹkan bí dígírì 30 sí 32, kí ti òru má sì lọ sílẹ̀ ju 18 sí 21 lọ. Òjò Bouaké kò ju nǹkan bí 1,100 mìlímítà lọ́dún. Ní oṣù Èrèlé àti oṣù Ẹrẹ́nà, ooru ọ̀sán níbẹ̀ a máa kọjá dígírì 33. Ohun méjì ni kò tẹ́ kòkó lọ́rùn, kì í ṣe ẹyọ kan. Àwọn tí ń sọ pé òjò ni ohun gbogbo a máa ka nọ́ńbà àkọ́kọ́, wọn a sì pa ìwé dé.

Ìtàn ni ó kọ́ wọn ní àṣà yìí. Ní ìhà ìlà-oòrùn àti gúúsù-ìlà-oòrùn Brobo ni ilẹ̀ tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ sí "boucle du cacao" wà: Dimbokro, Bongouanou, Daoukro, títí dé ọ̀nà Abengourou. Ibẹ̀ ni ọkàn kòkó Côte d'Ivoire nígbà kan rí. Àwọn igi darúgbó, ilẹ̀ ṣá, ọ̀gbẹlẹ̀ 1982 sí 1983 dé, iná sì jó oko lọ bẹẹrẹ ní ọdún 1983. Ọ̀pọ̀ Baoulé ti ń kó lọ sí gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ṣáájú ìgbà náà, lọ sí Soubré àti ọ̀nà San-Pédro. Àjálù yìí tún ti àwọn mìíràn tẹ̀lé wọn. Ẹ̀kọ́ tí gbogbo ènìyàn rí kọ́ níbẹ̀ ni pé òjò ni ó lé wọn, òjò ni kí wọ́n sì lépa. Ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ìdajì òtítọ́ ni.

Ohun tí ooru ń ṣe sí igi kòkó

Ọmọ igbó Amazon ni kòkó. Abẹ́ igi ńlá ni ó ti ṣẹ̀ wá, níbi tí òru àti ọ̀sán kò ti jìnnà púpọ̀ síra wọn. Ìbí yìí hàn nínú gbogbo ìgbé ayé rẹ̀, láti orí hóró títí dé orí èso.

Hóró kòkó kò dà bí àgbàdo tí a lè so rọ̀ sí àjà de ọdún tí ń bọ̀. Bí ó bá gbẹ, ó kú. Bí òtútù bá mú un tó ìwọ̀n tí ó lọ sísàlẹ̀ dígírì 10, ó kú. Ibi tí kòkó ti lè gbé kò fẹ̀, ààlà rẹ̀ sì wà níhà òtútù àti níhà ooru pẹ̀lú.

Ewé ni ibi tí àríyànjiyàn yìí ti parí. Ewé kòkó a máa fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ fún igi, ṣùgbọ́n bí ooru ara rẹ̀ bá ti kọjá nǹkan bí dígírì 33, iṣẹ́ náà a bẹ̀rẹ̀ sí rọlẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń gbóná tí ó sì ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa fa omi lára ewé. Láti dáàbò bo ara rẹ̀, ewé a pa àwọn ihò tín-tìn-tín tí ó fi ń mí dé. Bí ó bá ti pa wọ́n dé, kò lè gba afẹ́fẹ́ tí ó fi ń se oúnjẹ mọ́. Kókó ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni pé èyí lè ṣẹlẹ̀ nígbà tí omi ṣì wà ní ìdí igi. Gbòǹgbò lè máa mu omi kí ewé sì máa gbààwẹ̀. Ẹni tí ó bá ní òjò nìkan ni ohun gbogbo, kí ó ṣàlàyé bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀.

Òru pàápàá kò gbẹ́yìn. Igi a máa mí ní òru, ohun tí ó sè ní ọ̀sán ni ó sì ń ná. Bí òru bá gbóná, ìnáwó náà a pọ̀ sí i. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, òru a tutù, ọ̀sán a gbóná, afẹ́fẹ́ a sì gbẹ háúháú. Ní àyíká Bouaké, ọyẹ́ a máa fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ààlà náà han igi kan ṣoṣo láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún.

Òdòdó kòkó a máa là ní òwúrọ̀ kùtù. Kòkòrò wínníwínní kan tí ó jọ kantíkantí ni ó sábà máa ń gbé àtíkè òdòdó kan dé òmíràn. Òdòdó tí kò bá rí i gbà kì í pẹ́ rẹ̀ dànù, ní ọjọ́ kan sí méjì. Inú ewé jíjẹrà tí ó lọ́rinrin lábẹ́ igi ni kòkòrò yìí ti ń pamọ. Nígbà tí oòrùn bá ń ta sí ilẹ̀ lásán, tí ewé ilẹ̀ sì yan bí ẹ̀pà, ibùgbé rẹ̀ ti bàjẹ́. Àgbẹ̀ yóò rí òdòdó, kò ní rí èso, yóò sì ní òjò ni kò tó.

Èso tí ó bá dúró a máa lo oṣù 5 sí 6 kí ó tó gbó. Ooru a máa mú un yá. Ẹnì kan lè rò pé èrè nìyẹn, ṣùgbọ́n ìyára kì í ṣe ọ̀rá. Daymond àti Hadley, ní Yunifásítì Reading ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbin kòkó sínú ilé ọ̀gbìn tí wọ́n ti fara wé ooru Bahia ní Bùràsíìlì, Tafo ní Gánà àti Lower Perak ní Màlésíà. Àbọ̀ ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008 fi hàn pé bí ooru bá ṣe pọ̀ sí i ni èso wẹ́wẹ́ tí ń rọ sórí igi ṣe ń pọ̀ sí i, àti pé ìran kòkó kan kò fara da ooru bí ìran mìíràn. Àwọn oníṣòwò pẹ̀lú mọ̀ pé ọ̀rá inú hóró tí ó gbó nígbà ooru a máa le ju ti èyí tí ó gbó nígbà tí ó tutù. Ooru wọ inú ṣokoléètì fúnra rẹ̀.

Àwọn awíjàre àti ìdáhùn wọn

Àwọn kan yóò ní, "Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ilẹ̀ wa ti gbóná." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n gbígbóná ní ìwọ̀n. Ní ọdún 2013, Läderach àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìṣirò kan jáde lórí Gánà àti Côte d'Ivoire. Wọ́n fojú díwọ̀n rẹ̀ pé ooru yóò lé ní dígírì 2 sí i títí di ọdún 2050, àti pé ibi tí yóò bá kòkó lára mu jù lọ, tí ó wà ní gíga mítà 100 sí 250 sí òkun nígbà náà, yóò sún lọ sí gíga 450 sí 500. Ilẹ̀ Bouaké ga díẹ̀ ju mítà 300 lọ. Òkè ńlá wo ni àgbẹ̀ Brobo yóò gbé kòkó gùn? Àwọn òkè ìhà Man wà ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, wọn kò sì tó nǹkan. Ní 2016, Schroth àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún sọ ọ́ láìfi bò pé ooru ọ̀sán ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lè di ìdènà fún kòkó ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó àìtó omi, tàbí kí ó jù ú lọ. Ní oṣù Èrèlé 2024, ooru ọlọ́rinrin bo gúúsù ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ẹgbẹ́ World Weather Attribution ṣírò pé ìyípadà ojú ọjọ́ tí ọwọ́ ènìyàn fà ti fi nǹkan bí dígírì 4 kún bí ó ṣe gbóná mọ́ ènìyàn lára.

Àwọn mìíràn yóò ní, "Baoulé ti kó lọ rí, wọn yóò tún kó lọ." Ibo ni wọ́n ń kó lọ? Nígbà ayé Félix Houphouët-Boigny, ìlànà ìjọba ni pé ilẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí ó bá ro ó, igbó sì wà fún ríro. Nǹkan bí mílíọ̀nù 16 hẹ́kítà ni a máa ń pe igbó Côte d'Ivoire ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Nígbà tí wọ́n kà á ní 2021, kò pé mílíọ̀nù 3. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì ti ṣe òfin ní 2023 pé kòkó tí ó bá ti orí ilẹ̀ tí a pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀pẹ 2020 wá kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn. Ẹni tí ó bá ń dá àgbẹ̀ nímọ̀ràn pé kí ó tún ṣí lọ, ibi tí kò sí ni ó ń júwe.

Àwọn kẹta yóò ní Brobo kì í ṣe ilẹ̀ kòkó gan-an, pé kí a jẹ́ kí ó gbin kajú rẹ̀. Ìbínú ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí bí nínú ẹni tí ó bá ronú. Etí aṣọ ni aṣọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí tú. Ohun tí ooru ń ṣe ní ààlà ilẹ̀ kòkó lónìí ni yóò ṣe ní àárín rẹ̀ lọ́la. Ọ̀rọ̀ yìí kò sì jìnnà sí Yorùbá. Àwọn ọmọ Èjìgbò ti ń gbé Côte d'Ivoire láti ayé àwọn amúnisìn. Èjìgbò fúnra rẹ̀ kò sì jìnnà sí ibi tí igbó ti ń fàyè sílẹ̀ fún ọ̀dàn. Bí a bá ti Oǹdó gba Èkìtì àti Ọ̀ṣun lọ sí ọ̀nà Kwara, irú ààlà bẹ́ẹ̀ ni a ó bá pàdé. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Ìbòòji gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn

Bí ó bá jẹ́ pé òjò nìkan ni ìṣòro, kò sí ohun tí àgbẹ̀ lè ṣe ju kí ó gbójú sókè lọ. Ṣùgbọ́n bí ooru bá ní ipò tirẹ̀, ohun tí ọwọ́ ènìyàn lè ṣe wà. Ìbòòji ni. Igi ńlá tí ó bo kòkó lórí a máa dín oòrùn tí ń bà lé ewé kù, a máa jẹ́ kí afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀ lọ́rinrin, a sì máa fi ewé rẹ̀ tẹ́ ilẹ̀ fún àwọn kòkòrò olùgbé-àtíkè. Ọ̀pọ̀ oko ni wọ́n ti gé irú igi bẹ́ẹ̀ kúrò nígbà tí wọ́n ní kòkó tuntun ń fẹ́ oòrùn gbangba.

Àpẹẹrẹ wà ní Kamẹrúùnù. Ní Bokito, tí ó jẹ́ ilẹ̀ ọ̀dàn bí ti Brobo, àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn gbin kòkó sórí ilẹ̀ tí ẹ̀kan ti gbà kan. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n gbin igi mìíràn mọ́ ọn títí ibẹ̀ fi di igbó kékeré. Jagoret àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwádìí lórí rẹ̀ ní 2012. Ọgbọ́n àgbẹ̀ ni ó ṣáájú, ìwé ni ó tẹ̀lé e.

A kò gbọdọ̀ sọ àsọdùn. Ìbòòji tí ó bá ṣú jù a máa dá ọ̀rinrin dúró, àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú a sì gbilẹ̀ nínú rẹ̀. Níbi tí òjò bá kéré, igi ńlá mìíràn lè bá kòkó du omi. Nítorí náà, irú igi wo, mélòó, àti báwo ni a ó ṣe máa rẹ́ ẹ̀ka rẹ̀, ìbéèrè tí ó ń fẹ́ ìwọ̀n ni. Ìwọ̀n sì ń fẹ́ èdè.

Gbèsè àwọn onímọ̀ èdè

Ibí yìí ni ẹjọ́ ti kan àwọn tí ń ka ìwé yìí. A máa ń gbọ́ ọ pé èdè Áfíríkà kò ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi ṣàlàyé irú ìmọ̀ yìí. Ẹ wo Yorùbá. Oòrùn ni ohun tí ń ràn lójú ọ̀run. Ooru ni ohun tí ara ń mọ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ni àsìkò. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni àìrọ̀ òjò tí ó kọjá ààlà. Ọyẹ́ ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti àríwá. Ọ̀rọ̀ márùn-ún fún ohun márùn-ún, tí ọmọdé kì í ṣì lò. Àwa ọ̀mọ̀wé ni a gbé "ìyípadà ojú ọjọ́" dé, tí a dà á bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀ bí ìgbá. Nígbà tí a bá sọ fún àgbẹ̀ pé ojú ọjọ́ ń yí padà, a kò tíì sọ fún un bóyá omi ni yóò wá tàbí ìbòòji. Èdè rẹ̀ ti ya ohun méjèèjì sọ́tọ̀ kí a tó dé. Àwa ni a dà wọ́n pọ̀.

Ìwé ìléwọ́ tí kò ní àmì ohùn tún burú sí i. Oòrùn, oorun àti òórùn yóò di ohun kan ṣoṣo lójú ẹni tí ń kà á, òru yóò sì di oru. Ẹni tí ó bá kọ ìmọ̀ràn fún àgbẹ̀ láìfi àmì sí i ti fi iyèméjì ránṣẹ́ sí oko.

Kì í ṣe pé a kò lè ṣe é. Láti 1970 ni Ètò Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, lábẹ́ Babs Fafunwa, ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àti ìṣirò, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn. Ní 1984, ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde, a sì rí ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: kí ni ìdí tí a fi ní orúkọ fún fáwẹ̀lì àránmúpè, tí àwọn olùkọ́ wa kò sì tíì fẹnu kò lórí orúkọ fún ihò tí ewé kòkó fi ń mí? Ara wa ni a kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí ní Abidjan, níbi tí Institut de Linguistique Appliquée ti wà láti 1966. Ìwádìí lórí ohùn àti gírámà èdè wọn kì í ṣe ohun àjèjì, ṣùgbọ́n èdè Faransé ni ìmọ̀ ooru kòkó sábà ń gbà dé etí àgbẹ̀ Baoulé, bí ó bá dé rárá.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe kò fara sin. Kí olùkọ́ Yorùbá àti olùkọ́ Baoulé jókòó ti àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn, CRIN ní Ìdí-Ayùnrẹ́ àti CNRA ní Côte d'Ivoire, kí wọ́n sì fẹnu kò lórí orúkọ ìwọ̀n ooru, ìfami afẹ́fẹ́ àti ihò ewé. Kí a fi àmì ohùn tẹ̀ ẹ́. Kí ilé-ìwé abúlé kọ̀ọ̀kan ní òṣùwọ̀n ooru méjì, ọ̀kan nínú oòrùn, ọ̀kan lábẹ́ igi, kí àwọn ọmọ máa kà wọ́n ní èdè wọn, kí wọ́n sì máa mú nọ́ńbà náà lọ bá òbí wọn lóko. Kí ìbéèrè lórí rẹ̀ wà nínú ìdánwò, nítorí ohun tí a kò bá bi ọmọ, kì í kà á sí.

Orúkọ Ìdí-Ayùnrẹ́ fúnra rẹ̀ tó ẹ̀kọ́. Abẹ́ igi ayùnrẹ́ ni, igi tí a máa ń dá sí fún ìbòòji nínú oko kòkó. Àwọn tí ó sọ ibẹ̀ lórúkọ mọ ohun tí igi wà fún. Àgbẹ̀ Brobo àti àgbẹ̀ Èkìtì kò ṣe aláìní ọgbọ́n, wọn kò sì ṣe aláìní èdè. Ohun tí wọ́n ṣe aláìní rẹ̀ ni ọ̀mọ̀wé tí yóò ka ooru kòkó sí iṣẹ́ èdè, tí yóò sì ṣe é kí igi tó kú.